Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa sọ Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Àwọn tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n sọ ọ́, ṣe ni kíláàsì máa ń pa lọ́lọ́. Nígbà tí mo pín wọn ní méjì-méjì, tí ẹnì kan ń ṣàpèjúwe àwòrán kí ẹnì kejì lè yà á láìrí i, ọmọbìnrin kan tí kì í lanu rárá ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé apá òsì ni igi wà. Inú mi dùn púpọ̀! Àmọ́ níwájú gbogbo kíláàsì, ó tún dákẹ́. Ṣé kí n máa tún àṣìṣe wọn ṣe lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán?