Àtúnṣe, ìsọdọ̀tun, àbí ìmúbọ̀sípò? Lórí orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára Datsun 240Z

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ọ̀kan nínú wa ń kọ ìwé pẹlẹbẹ ní èdè Yorùbá lórí bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ Datsun 240Z tó ti jókòó sójú kan tipẹ́, tí wọ́n á sì ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí yóò fi rí bó ṣe rí nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ Nissan. Ó sọ àkọlé ìwé náà ní “Àtúnṣe Ọkọ̀ Eré Ìdárayá Ìgbàanì”. Àwọn kan ní kò sí ohun tó ṣe àkọlé náà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á lo “ìsọdọ̀tun” dípò “àtúnṣe”. Ẹlòmíràn dábàá “ìjíǹde”, ó ní àwọn ará Japan fúnra wọn ń lo ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Èmi kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú iṣẹ́ náà gan-an ni mo sì fẹ́ ti mú ìdí rẹ̀ wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá láìwo ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ ń ṣe kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ohun tó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Bí kọ́lọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ bá jó, tí mẹkáníìkì pààrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń rìn, ó ti tún un ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá kọ́lọ́ọ̀ṣì tó fi sí i jọ èyí tó wà níbẹ̀ ní ọdún 1970. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lára 240Z kò lè dúró síbẹ̀ yẹn: ọkọ̀ náà lè máa rìn dáadáa kí iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ má tíì dé ìdajì. “Ìsọdọ̀tun” ní tirẹ̀ ti kọjá ibi tí à ń lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ yìí, tí wọ́n ń fi ti òde òní sí i, pẹ̀lú bírèékì tuntun àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ ọkọ̀ di ọ̀tun ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti “ìjíǹde”, òtítọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Nissan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2006 tí wọ́n ń pè ní Meisha Saisei, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lára àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wọn tó lókìkí nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Nínú “saisei”, “sai” jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, “sei” sì jẹ́ ìyè tàbí ìbí. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì, “resutoa” tí wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Japan kan náà ń sọ, nítorí náà a kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lásán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjíǹde ti ní ilé tirẹ̀ nínú Yorùbá. Ẹni tó bá rí “Ìjíǹde Datsun” lẹ́yìn ìwé yóò retí àsọyé oníwàásù, bóyá yóò tiẹ̀ máa wo ibi tí àwọn akọrin wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí ni “ìmúbọ̀sípò”. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń lo “ìmúpadàbọ̀sípò” tipẹ́, n kò sì bá wọn jà, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni “padà” àti “bọ̀” ń ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ lójoojúmọ́ nínú gáréèjì kò sì yẹ kó gùn tó bẹ́ẹ̀. A lè tú u sínú gbólóhùn láìsí ìnira: ó ń mú ọkọ̀ bọ̀ sípò, ọkọ̀ ti bọ̀ sípò, ìdí ọkọ̀ ti bọ̀ sípò ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ọ tí kò ní béèrè pé: ipò wo?

Nínú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè yẹn ni ìdí gbogbo àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni Nissan gbé ọkọ̀ yìí jáde ní Japan, orúkọ Datsun 240Z ni wọ́n sì fi ń tà á ní Amẹ́ríkà, láti orí ti 1970 títí dé ti 1973. Lójú ẹni tó mọ̀ wọ́n, ti 1970 àti ti 1973 kì í ṣe ọkọ̀ kan náà. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde wà, àkọlé “240Z” sì wà lára òpó tó tẹ̀ lé fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Ní 1971 ni wọ́n gbé ojú ihò náà kúrò lára ilẹ̀kùn lọ sára òpó yẹn, tí wọ́n sì fi àmì roboto kan tó ní lẹ́tà Z sójú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti 1972 sára ọkọ̀ 1970 nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti jẹrà, ilẹ̀kùn náà lè tì dáadáa, òjò lè má wọlé rárá, síbẹ̀ kò tíì mú ọkọ̀ bọ̀ sípò.

Kábúrétọ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Ti 1970 sí 1972 ní kábúrétọ̀ Hitachi méjì tí orí wọn rí roboto, àwọn olówó ọkọ̀ sì fẹ́ràn wọn. Nígbà tí òfin èéfín le sí i ní Amẹ́ríkà, Nissan fi èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ rọ́pò wọn fún ti 1973, wàhálà ìyẹn kì í sì í tán nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ 1973 ló yọ ọ́ dànù, tí wọ́n lọ wá olórí roboto fi sí i. Kí ni kí á pe ìyẹn? Kì í ṣe ìmúbọ̀sípò, nítorí pé ọkọ̀ náà kò wà ní ipò yẹn rí. Kì í sì í ṣe ìsọdọ̀tun, nítorí pé ohun tí wọ́n fi sí i dàgbà ju èyí tí wọ́n yọ lọ. Lójú tèmi, àtúnṣe gan-an ni: ohun kan kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n sì fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ rí i pé n kò lé “àtúnṣe” kúrò nínú ìwé. Àyè rẹ̀ ni mo ní kó dúró sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á gbàgbé “ìdárayá”. Bọ́ọ̀lù àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni eré ìdárayá, ẹni tó bá gbọ́ “ọkọ̀ eré ìdárayá” yóò rò pé ọkọ̀ tó ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí pápá ni. “Ọkọ̀ eré” tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé “eré” ti gbé ohun méjèèjì tí irú ọkọ̀ yìí wà fún: ọkọ̀ ń sáré, olówó rẹ̀ sì ń fi í ṣeré. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé a ó ṣì í mú fún ti ọmọdé kò ronú jìnnà, “ọkọ̀ ìṣeré” ni ti ọmọdé. Ti ìdíje náà ní “ọkọ̀ eré ìje”. 240Z ti jẹ́ méjèèjì rí. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1971, nígbà tí Edgar Herrmann wà á, àti ní 1973, nígbà tí Shekhar Mehta wà á. Lójú ọ̀nà erùpẹ̀ Kenya, ọkọ̀ eré ìje ni. Níwájú ilé ẹni tó ń wà á lọ síbi iṣẹ́ ní Los Angeles, ọkọ̀ eré ni.

“Ìgbàanì” jìnnà jù. Ọkọ̀ ọdún 1970 kò dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lọ. Níbí, ó tọ́ kí á wo bí àwọn ará Japan ṣe pín in: “chūkosha” ni ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, “kyūsha” ni ọkọ̀ àtijọ́, “meisha” sì ni èyí tó lórúkọ. Fún àkọ́kọ́, a ní tòkúnbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa gbọ́dọ̀ ti òkun dé kó tó jẹ́ orúkọ náà. “Ọkọ̀ àtijọ́” tó fún èkejì. Fún ẹ̀kẹta, “àgbà ọkọ̀” ni mo dábàá, nítorí pé iyì wà nínú “àgbà” tí kò sí nínú “ògbólógbòó”, ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ mọ́ ọ̀daràn. Ẹni tó sọ pé àwọn ènìyàn yóò rò pé ọkọ̀ ńlá ni à ń sọ, kí ó rántí pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ “àgbà oògùn” tó ń ronú nípa bí ìgò rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ibi ìpẹtà ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé wa ti fara balẹ̀ jù lọ. Páànù ara 240Z fẹ́lẹ́, ohun tí wọ́n fi bò ó kò sì tó nǹkan sí ti òde òní. Nígbà tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lásìkò òjò dídì bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Ibi tí bátìrì jókòó lé, ilẹ̀ ọkọ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ẹni tó gbọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún wa, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ ara wọn ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí mo dábàá ni kí á pín iṣẹ́ fún wọn nínú ìwé. Bí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tí pépà oníyanrìn ṣì lè ha á kúrò, irin dógùn-ún. Bó bá ti ń ṣí ní ìpele-ìpele, irin ti dípẹtà. Bí ihò bá ti lu, ìpáàrà ti jẹ ẹ́. Nínú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ “ìpáàrà”, kò sì sí ohun tó ní kó má bọ́ sí gáréèjì.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà á mú òòfà kékeré dání, á fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọ̀dà, á sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ lára ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Níbi tí irin wà, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí páńẹ́lì-bíítà ti fi fílà, ohun rírọ̀ tó ń le bó bá gbẹ, dí ihò, á jábọ́ sí i lọ́wọ́, bí ọ̀dà ibẹ̀ ti wù kó máa dán tó. Fílà yẹn, àtúnṣe ni, bí a bá tiẹ̀ fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n gé ibi tí ìpáàrà jẹ kúrò, kí wọ́n gé páànù tuntun tó bá a mu, kí wọ́n sì jó o mọ́ ọn títí ojú ìjó náà kò fi ní hàn mọ́, ìyẹn ni ìmúbọ̀sípò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ tuntun pátápátá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò gbógun tì í. “Ojúlówó” nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnì L24, irú èyí tí 240Z ń lò, kúrò lára ọkọ̀ kan, tí wọ́n fi L24 mìíràn tí Nissan fúnra rẹ̀ ṣe sí i, ojúlówó ni èyí tí wọ́n fi sí i. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò ní bá èyí tó wà lára àwo kékeré abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì mu mọ́, àwọn olùrà yóò sì dín owó wọn kù. “Àbáwáyé” ni mo fẹ́ kí á pe ti àkọ́kọ́, ohun tó bá ọkọ̀ wá sáyé. Àwọn kan yóò ní “àtilẹ̀wá” ti wà. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú nǹkan ló ń tọ́ka sí: kábúrétọ̀ olórí roboto jẹ́ àtilẹ̀wá fún ọkọ̀ 1971, ìbáà jẹ́ ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Àbáwáyé ni èyí tó wà lára ọkọ̀ yìí gan-an láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí Mazda bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ eré wọn, Roadster ìran kìíní, bọ̀ sípò ní Japan, tí wọ́n sì ṣe ìdarí (sítíárì) onígi Nardi tuntun fún un, ojúlówó ni ìdarí náà, kò sì lè jẹ́ àbáwáyé láéláé. Èyí tí oníṣòwò mìíràn bá ṣe jọ ọ́ ni “àfarawé”. Kí á má pè é ní “ayédèrú”, nítorí pé ẹ̀tàn wà nínú ayédèrú.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ kò ní kí á máa da ara wa láàmú. “Ẹ̀rọ apo-epo-mọ́fẹ́fẹ́” tí ẹnìkan dábàá dípò kábúrétọ̀, àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ. “Ìtọ́jú” náà dára bó ṣe wà. Sẹ́fíìsì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìtọ́jú kì í parí. Kí ẹ lè rí bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jọ ṣiṣẹ́, mo tún ìpínrọ̀ kan nínú ìwé náà kọ báyìí:

“Ọkọ̀ tó ti bọ̀ sípò ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú. Àlàfo fáàfù inú ẹ́ńjìnì L24 kì í tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, kí ti fáàfù àtiwọlé jẹ́ 0.25 mm, kí ti èéfín jẹ́ 0.30 mm. Ẹ wo ọ́ìlì tó wà nínú orí kábúrétọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fà dọ́gba.”

Àkọlé tí mo dábàá ni “Ìmúbọ̀sípò àti Ìtọ́jú Àgbà Ọkọ̀ Eré: Datsun 240Z”. Ẹ má ṣe yọ orúkọ ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó ní Mazda Cosmo Sport, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní fáàfù kankan, má bàa máa wá àlàfo tí kò sí.