Ẹsẹ̀ ẹni là ń rà ni, àbí ẹgbẹ́ tó wà? Ẹ sọ ìrírí yín nípa béèsì jíjí nínú baseball (kí ẹni tó wà ní béèsì kan, ibi ìdúró lórí pápá, yọ́ sáré lọ sí èyí tó kàn)

Bàbá Ìbejì: Oṣù keje 2025 ni mo fi Josh Naylor ṣe pàṣípààrọ̀ nínú fantasy wa (eré tí a ti ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi jọ, tí a sì ń fi ohun tí wọ́n ṣe lórí pápá gba máàkì), torí ẹni tó lè jí béèsì ni mò ń wá. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Arizona, fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Seattle. Ló bá jí 19 níbẹ̀, wọn ò mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọkùnrin tó wà lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn falẹ̀ jù ní líìgì! Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọlá Chicago: Ẹgbẹ́ ni o.

Màmá Tóbi: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Tèmi dùn ní tiẹ̀. Torí home run, gbígbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, ni mo ṣe mú Juan Soto ní 2025, mi ò ka béèsì mọ́ ọn rárá. Ó dé ẹgbẹ́ Mets, ó jí 38! Èènì gidi ni, bí ìgbà téèyàn ra kóńgò ìrẹsì kan tí ìyá oníràìsì tún bu òmíì lé e. Antoan Richardson, kóòṣì ará Bahamas tó ń dúró ní béèsì àkọ́kọ́, ló ń kọ́ wọn nígbà yẹn bí wọ́n ṣe ń ka ara pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Àkànní: Màmá Tóbi, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ fún kóòṣì. Òfin ni. Láti 2023 ni béèsì ti fẹ̀ láti ínṣì 15 sí 18, pitcher ò sì lè máa dá eré dúró láti lé ẹni tó wà ní béèsì padà bó ṣe wù ú mọ́. Gbogbo líìgì jí 2,486 ní 2022. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 3,503.

Màmá Tóbi: Òfin yẹn náà ló wà nílẹ̀ nígbà tí Soto jí 12 ní San Diego lọ́dún 2023, àti 7 ní Yankees lọ́dún 2024. Ṣé Mets ní òfin tiwọn ni?

Ọlá Chicago: Àkànní, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ẹ rọra. Ohtani, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù tó sì máa ń gbá a, jí 20 ní Angels lọ́dún 2023, ó jí 59 ní Dodgers lọ́dún 2024, gbogbo wa pariwo pé ẹgbẹ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ìgúnpá ni kò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú ní 2025, ó padà sí 20. Dodgers kan náà!

Yẹmí: Esteury Ruiz ló jẹ mí níyà. Ó jí 67 fún Oakland ní 2023, ẹgbẹ́ tó pàdánù eré 112. Mo ní ẹgbẹ́ tí kò ní nǹkan tó máa sọ nù á máa jẹ́ kó sáré, mo bá tètè mú un ní 2024. Oṣù kẹrin ni wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré. Ẹni tí kì í dé béèsì àkọ́kọ́ dáadáa, béèsì wo ló máa jí?

Ṣadé: Ẹ dákun, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ míì ju "jí" lọ? Ọmọ mi sọ fún bàbá mi ní Abẹ́òkúta lórí fóònù pé Elly De La Cruz jalè 67 lọ́dún kan. Bàbá ní kí n tètè kó ọmọ yẹn wálé.

Ọlá Chicago: "Já béèsì gbà" ń kọ́?

Àkànní: Rárá o. Ipá ló wà nínú já gbà. Ìgbà tí ojú pitcher kúrò lára ẹni ni èèyàn ń gbéra. Jíjí ni.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Kóòṣì Richardson yẹn ti lọ sí Atlanta fún 2026 o.

Bàbá Ìbejì: Atlanta tí Acuña wà? Acuña tó jí 73 ní 2023, kí orúnkún tó dá a dúró? Ta ló ní i nínú líìgì wa?

Màmá Tóbi: Èmi ni. Mi ò tà á.