Gìtá kékeré fún àwọn ọmọ-ọmọ mi: ṣé kí n kàn dín gbogbo ìwọ̀n gìtá àgbà kù ni?

Bàbá Káfíńtà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ohun èlò orin olókùn. Iṣẹ́ igi ni mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi, àga, tábìlì àti àpótí sì ni ọwọ́ mi mọ́ jù, ṣùgbọ́n n kò kan gìtá rí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń bá gìtá olókùn ọ̀rá bàbá wọn jà, ọwọ́ wọn kò sì ká ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ kan ọ̀kan tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa lò. Bí mo bá yọ ìdámẹ́fà kúrò nínú gbogbo ìwọ̀n gìtá àgbà náà, ṣé ohùn rẹ̀ yóò tọ̀nà? Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí àwọn irin ọrùn, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, yóò wà? Mo sì ní àwọn pákó líle àtijọ́ tó ti gbẹ dáadáa. Ṣé wọ́n tó lò?

Ọ̀gá Olókùn
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Gígùn okùn, láti orí eegun òkè ọrùn títí dé orí eegun ìsàlẹ̀ tó wà lórí bridge (igi kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ojú gìtá, tí a ń so okùn mọ́), ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn, nítorí òun ni ìwọ̀n yòókù ń tẹ̀ lé. Ti àgbà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 650, nítorí náà ìdámẹ́fà tí ẹ fẹ́ yọ bá a mu, bíi 540 ni yóò kù, ìyẹn sì dára fún ọjọ́ orí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbú ọrùn lókè, tó sábà jẹ́ 52, kò gbọdọ̀ bọ́ sí 43, nítorí ìka kan yóò máa kan okùn méjì pọ̀. Ẹ fi í sí 46.

Ní ti àwọn irin ọrùn, ẹ fi 17.817 pín 540, èsì rẹ̀, ìyẹn 30.3, ni irin kìíní yóò fi jìnnà sí eegun òkè. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 540, ẹ tún fi 17.817 pín ohun tó ṣẹ́kù, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Irin kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí 270 gẹ́lẹ́, àárín okùn nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò ti yẹ̀ níbì kan. Ẹ máa ro àwọn èsì náà pọ̀, kí ẹ lè wọn irin kọ̀ọ̀kan láti orí eegun òkè, ẹ má ṣe wọ̀n láti ara irin kan sí èkejì, kí ìyàtọ̀ kékeré má baà kó jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sún eegun ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, kó túbọ̀ jìnnà sí ọrùn, ní mìlímítà kan sí méjì, torí pé títẹ okùn mọ́lẹ̀ a máa fà á le sí i, ohùn rẹ̀ a sì gòkè díẹ̀.

Ìyá Onígìtá
Bàbá, ẹ fi pákó líle yín ṣe ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn, ṣùgbọ́n ẹ wá igi mìíràn fún ojú gìtá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti ń jáde. Ní 1862, Antonio de Torres, akangìtá ará Sípéènì, fi bébà tí a lẹ̀ pọ̀ ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ó sì fi igi gidi ṣe ojú rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lo igi spruce tàbí cedar, tó fúyẹ́ ju pákó líle lọ, èyí tí ìlà ara rẹ̀ tọ́, tí àwọn ìlà náà sì dúró ṣánṣán bí ẹ bá wo ẹnu pákó. Ẹ fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 2 sí 2.5, kí ẹ sì fi ìka kàn án: èyí tó dára yóò dún gooro. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ òkè ihò, kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí márùn-ún kéékèèké mìíràn sì tàn ká bí abẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò lọ síhà bridge. Mo mọ̀ pé ọwọ́ káfíńtà kì í fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ ní fífẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tábìlì la kàn kó má baà mì, gìtá la kàn kó lè mì.

Ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ lára páìpù irin gbígbóná, ẹ má sì fi agbára ṣe é. Ẹ má ṣe lẹ ojú gìtá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin, nítorí bí igi náà bá gbẹ lẹ́yìn náà, yóò súnkì, yóò sì là.

Ọmọ Olórin
Ẹ má ṣe fi okùn wáyà sí i o! Agbára tí ó fi ń fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti okùn ọ̀rá, ojú fífẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbà á. Okùn ọ̀rá ti gìtá àgbà náà yóò sì rọ̀ jù lórí 540, torí pé, bí ohùn rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti gìtá àgbà, agbára ìfà rẹ̀ yóò wálẹ̀ sí bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè fa ohùn gbogbo okùn náà gòkè ní ìwọ̀n irin ọrùn mẹ́ta, kí wọ́n le bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ní bá ti gìtá bàbá wọn mu mọ́, nítorí náà bí àwọn ọmọ bá fẹ́ bá a ta á pọ̀, okùn tí wọ́n ṣe fún gìtá kékeré ló dára jù.

Bàbá Káfíńtà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi fáníìṣì tí mo ń lò fún àga kùn ún?

Ìyá Onígìtá
Rárá o, Bàbá, fáníìṣì tó nípọn yóò pa ohùn ojú gìtá. Ẹ lo shellac, ìyẹn oje kòkòrò lac tí a yọ́ sínú ọtí spirit, kí ẹ fi aṣọ pa á ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Kí ẹ tó so okùn, ẹ fi fáìlì fá ẹnu gbogbo irin ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì, kó má baà gé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́.