Ojú quilt aṣọ Màmá mi ti parí: ṣé kí n rán an pọ̀ fúnra mi, àbí kí n gbé e fún oní-longarm?

Ọmọ Aláṣọ (Houston):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Màmá mi ti lọ sinmi, àwa ọmọ sì ti pín aṣọ wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù tí kò bá ẹnikẹ́ni mu, àwọn àbúrò mi ní kí n kó o wá sí Amẹ́ríkà, kí n fi ṣe quilt fún wa, aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ so pọ̀. Mo ti gé wọn, mo ti so wọ́n pọ̀. Ojú quilt mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Ọ̀kan jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí Màmá rà ní Ìtòkú, 60 ínṣì sí 80. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ankara aṣọ ẹbí oríṣiríṣi, 90 sí 100. Ẹ̀kẹta kéré, aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn ló wà níbẹ̀, sányán àti àlàárì díẹ̀.

Ó wá ku kí n fi batting, ìpele rírọ̀ tó ń mú quilt nípọn, sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sí i, kí n sì rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Máṣíìnì ilé lásán ni mo ní. Àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ara máṣíìnì náà kò tó ínṣì 8, n kò sì mọ bí quilt ńlá yẹn ṣe máa gba ibẹ̀ kọjá. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní longarm, máṣíìnì ńlá tí wọ́n fi ń rán quilt, sẹ́ǹtì méjì ló ń gbà lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan.

Owó kọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Aṣọ tí Màmá wọ̀ ni. Ṣé kí n gbé e lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí? Àbúrò mi ọkùnrin ti sọ pé bí àlejò bá ti fọwọ́ kàn án, òun ò gba tòun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì (Maryland):

Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má fi ìdáhùn kan ṣoṣo dá quilt mẹ́ta lóhùn. Ti ankara yẹn, ẹ gbé e jáde. Mo ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tó fi agídí ti irú quilt ńlá bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ máṣíìnì kékeré. Èjìká á máa dùn wọ́n, aṣọ ẹ̀yìn á sì ti hunjọ nísàlẹ̀ tí wọn ò ní mọ̀ títí wọ́n á fi yí i padà. Lórí longarm, aṣọ kì í rìn. Wọ́n á nà án sórí férémù, orí máṣíìnì ló máa ń rìn káàkiri lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 90 lọ́nà 100 jẹ́ 9,000 ínṣì onígun mẹ́rin. Ní sẹ́ǹtì méjì, dọ́là 180 nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá batting àti òwú wà nínú rẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà owó ọ̀tọ̀ ni. Irú iye bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti àwòrán kan náà tí wọ́n ń rán láti etí kan dé etí kejì. Bí ẹ bá ní kí ó máa rán yí òdòdó kọ̀ọ̀kan ká, owó rẹ̀ á fò sókè gan-an. Ankara sì ti kún fún àwòrán tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ kì í hàn lórí rẹ̀. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ mú.

Àǹtí Aládìrẹ (Abẹ́òkúta):

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé o fọ àdìrẹ yẹn kí o tó gé e? Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn, kó o tó ronú kan ẹni tó máa rán an. Mú aṣọ funfun kékeré, fi omi rẹ ẹ́ díẹ̀, kó o fi ra ojú àdìrẹ náà dáadáa. Bí funfun bá di búlúù, aró ṣì ń jáde nìyẹn. Àdìrẹ tí wọn ò ṣàn dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n rì í máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè kun batting funfun, ó lè kun òwú, ó tiẹ̀ lè kun ọwọ́ ẹni tó ń rán an.

Má bọ ojú quilt náà sómi báyìí o, torí etí aṣọ ní gbogbo ojú ìsopọ̀ á tú. Tún gé èyí tó kù nínú aṣọ náà, bí ó bá ṣẹ́kù, kó o fọ ìyẹn nínú omi tútù wò. Bí aró bá ń jáde, aṣọ ẹ̀yìn dúdú tàbí búlúù ni kó o lò, kì í ṣe funfun. Àwọn ibi tó gan paali, ẹ̀kọ gbágùúdá tó kù lára ni. Yóò máa mú abẹ́rẹ́ kú.

Èrò tèmi ni pé ti àdìrẹ yìí, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi rán an, abẹ́rẹ́ ọwọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ní ìlà tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní àwòrán Ìbàdàndùn ni Màmá rà, o máa rí òpó gbọ̀ngàn Mápó níbẹ̀, kò sí ohun tí ìwọ tún fẹ́ máa fi ṣọ́ọ̀kì yà. Tẹ̀ lé ìlà tí aládìrẹ ti fi ìyẹ́ yà sílẹ̀.

Télọ̀ Peckham:

Àǹtí, ẹ má gbé aṣọ òkè yẹn fún oní-longarm kankan, mo bẹ̀ yín. Sányán àtijọ́, sílíìkì inú igbó ni. Bí wọ́n bá ti gé e, etí rẹ̀ kì í dúró. Bí ó bá tún ní ojú ihò tàbí òwú ọnà tó léfòó lójú aṣọ, ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń sáré lè fi kọ́ ọ. Bí ẹ kò bá tíì lẹ gum stay, aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kí ó lè dúró, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá èyí tó fẹ́lẹ́, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn bò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ máṣíìnì tó máa ń fa aṣọ òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ rán an ní tààrà, inú ojú ìsopọ̀ nìkan. Ó kéré, máṣíìnì ilé á gbà á.

Àmọ́ n kò gbà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì pé dandan ni kí ankara jáde. Ọ̀pọ̀ ń rán quilt ńlá ní abala abala, tí wọ́n á sì wá so àwọn abala náà pọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì:

Télọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kí a tó so ojú quilt pọ̀ ni a ti ń ṣe ìyẹn. Tiwọn ti di odidi. Ṣé kí wọ́n tún tú u ni?

Télọ̀ Peckham:

Ẹ ṣeun, mà. Bí ó bá ti so pọ̀ tán, kí ó jáde.

Ìyá Olú (Atlanta):

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló dúró sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin abúlé Gee's Bend ní Alabama, àwọn tí ilé ìkóǹkan-ọnà-pamọ́-sí ní Houston níbẹ̀ yẹn ṣe àfihàn quilt wọn ní ọdún 2002. Ọ̀kan nínú wọn, Missouri Pettway, fi aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú ṣe quilt ní ọdún 1942, kí ó lè máa rántí rẹ̀, kí ó sì lè máa fi bora. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Arlonzia, ràn án lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ ṣe sábà máa ń rí níbẹ̀ nìyí: obìnrin kan á dá so ojú quilt tirẹ̀ pọ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá di rírán mọ́ aṣọ ẹ̀yìn, wọ́n á pe ara wọn jọ yí férémù ká. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé quilt náà ti di ti aládùúgbò.

Nílé wa náà ńkọ́? Ẹni tó ya àdìrẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun ló ń rì í sínú aró. Aláró wà lọ́tọ̀. Ẹni tó hun aṣọ òkè kọ́ ló rán an, télọ̀ tó gé agbádá sì lè gbé ọrùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ṣiṣẹ́ sí. Ọwọ́ àlejò ti pọ̀ lára aṣọ Màmá kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Níbi àfihàn quilt ní Amẹ́ríkà, orúkọ méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ, ẹni tó so ó pọ̀ àti ẹni tó rán an. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lára ankara náà, kí ẹ kọ orúkọ Màmá ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ Chicago:

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá máa gbé e jáde, ẹ má so ojú quilt, batting àti aṣọ ẹ̀yìn pọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń nà wọ́n sórí férémù. Aṣọ ẹ̀yìn ní láti fi ínṣì 4 ju ojú quilt lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tiyín á di 98 sí 108. Bí ó bá jẹ́ ankara tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 46 ẹ fẹ́ lò, ìbú mẹ́ta ni ẹ máa so pọ̀, yáàdì mẹ́fà kò sì ní tó, yáàdì mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni.

Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gé gbogbo òwú tó rọ̀ lẹ́yìn, ẹ yọ gbogbo píìnì. Ẹ fi ìwé kékeré sàmì sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: bí etí rẹ̀ bá ń rú sókè, longarm kò lè tún un ṣe, á kàn pa àpọ̀jù náà mọ́ ibẹ̀ ni.

Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ní kí obìnrin yẹn fi iṣẹ́ tó ti ṣe hàn yín, ẹ bi í bóyá ó ti rán ankara rí, torí ó gan ju aṣọ quilt lásán lọ bí wọn ò bá tíì fọ̀ ọ́. Kí ẹ sì là á yé e pé aṣọ olóògbé ni, kò sí èyí tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Aláṣọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Màmá Abẹ́òkúta, mo ti fi aṣọ funfun ra àdìrẹ náà. Ó di búlúù. Búlúù ni aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa jẹ́, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo sì máa lò. Aṣọ òkè kò ní jáde nílé. Ankara ló máa lọ, àmọ́ àbúrò mi ṣì ní òun fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ Màmá kan wà níbẹ̀.

Ìyá Olú:

Àwọn ṣọ́ọ̀bù quilt kan máa ń yá ènìyàn ní longarm ní wákàtí wákàtí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ pè káàkiri Houston. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tí kò já mọ́ nǹkan dánra wò níbẹ̀. Bí àbúrò yín bá sì wá kí yín, ẹ jẹ́ kí òun náà di orí máṣíìnì yẹn mú, kí ó rán ìlà kan.