Ta ló ti wo fíìmù Perlman tó ń ta fayolíìnì yẹn?

Màmá Ìbejì, Akúrẹ́: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ń kọ́ fayolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ni ẹnì kan nínú kọ́yà bá ní kò lè dúró pẹ́, ó sunkún délé. Wọ́n ní fíìmù kan wà lórí ìgbésí ayé Itzhak Perlman, ṣé kí n fi hàn án?

Bọ̀dá Alágbáka: Ẹ fi hàn án kíá, mà! Ọmọ ọdún 4 ni pólíò mú bàbá yẹn ní Tel Aviv, ìjókòó ló ti ń ta tiẹ̀ látìgbà náà. Ní 1958, ọmọ ọdún 13, ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Dúró kẹ̀? Ta ló ń dúró!

Ọmọ Ọ̀bá-Ilé: Mo wò ó. Fayolíìnì ọwọ́ rẹ̀, Stradivari, ará Ítálì tó máa ń ṣe fayolíìnì láyé àtijọ́, ló ṣe é ní 1714, Yehudi Menuhin, gbajúmọ̀ tó ń ta fayolíìnì, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ díẹ̀ ṣá, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ máa túmọ̀ fún un, àwàdà òun àti Toby ìyàwó ẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Màmá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yọ̀ǹda àpótí ìdáná mi, orí ẹ̀ ló jókòó sí tó ń han kíìn-kíìn látàárọ̀, àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.