Ẹgbẹ́ wo ló jẹ́ kára yín balẹ̀ ní yunifásítì l'Ábẹ̀òkúta?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ̀òkúta. Látìgbà tó ti dé, kíláàsì àti yàrá nìkan ló mọ̀. Ó ní òun ò ṣẹgbẹ́ kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ṣé ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ti dọmọ ibẹ̀? Ẹ sọ tiyín.

Bàbá Bọ̀ọ̀lì: Kó lọ kàwé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ni tèmi, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe FUNAAB ní UNAAB. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Camp pẹ̀lú àpò gààrì àti bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Bùrọ̀dá kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ò dé kókósẹ̀ ló gbé bẹ́ẹ̀dì mi lérí, kó tó béèrè orúkọ mi. Nígbà tí ààwẹ̀ dé ni mo wá rí nǹkan. Ẹ̀kọ gbígbóná nínú ike ọ̀dà ńlá, gbogbo wa tò síwájú mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ò ní ife á fi ìdérí fúláàsì gbà á. Láti 1954 ni MSSN ti wà, iṣẹ́ gbígba àlejò ti mọ́ wọn lára.

Ìtòkú ni mo wà: Ẹ̀yin àlejò lẹ gbádùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí mò ń tilé lọ, èmi gan-an ni àlejò. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń fi ìpàdé sí. Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, èmi ti ń sáré lọ wọ mọ́tò kúrò ní Alábàtà. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Dúpẹ́_Èkìtì: Òótọ́ ni o. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Èkìtì máa ń kún fọ́fọ́, tàwọn onílé ló máa ń ṣófo.

Wúrà Alto: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹgbẹ́ akọrin kan ni mo wà láti 100 level, iwájú ni mo máa ń dúró. Nígbà tí project dé, tí mi ò ráyè wá sí ìdánrawò mọ́, mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi fúngbà díẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi yọ mí kúrò lórí WhatsApp. Ẹni tá a jọ ń wọ bàtà ara wa, tó bá ti rí mi lọ́nà, fóònù ló máa tẹjú mọ́.

Adéògún: Bóyá wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni.

Wúrà Alto: Ìsinmi wo? Wọ́n ní kí n dá aṣọ akọrin padà. Aṣọ tí mo fowó mi rán!

Dúpẹ́_Èkìtì: Háà! Ẹ má dá a padà o.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ dá a padà?

Wúrà Alto: Ó wà nílé. Ọmọ mi ló ń fi ṣe adájọ́ 😂

Adéògún: Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ tẹnu wọn.

Wúrà Alto: Ẹ lọ gbọ́ ọ nígbà náà. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn tá a jọ ń ṣe project ló wá bá mi dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Akọrin kan ò yọjú.

Ẹlẹ́mu Ọ̀dẹ̀dá: Ẹ ti gbàgbé àwa Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu. Kò sẹ́ni tí à á yọ kúrò nítorí project. Ẹmu dé, ìlù dé, ó parí.

Màmá Tọ́lá: Ẹgbẹ́ òkùnkùn nìyẹn, jọ̀ọ́.

Ẹlẹ́mu Ọ̀dẹ̀dá: Màmá, ẹgbẹ́ òkùnkùn wo ló ń lùlù lọ́sàn-án gangan?

Màmá Tọ́lá: Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Sóyinká, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ́ ló dá ẹgbẹ́ Pyrates tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀?

Adéògún: Sóyinká pẹ̀lú àwọn mẹ́fà míì ni, n'Ìbàdàn, ní 1952. Ìgbà yẹn kì í ṣe ìpànìyàn. Ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ sì ni bàbá rẹ̀.

Ìtòkú ni mo wà: Aké ni wọ́n bí i sí! Ẹ fi ọmọ wa sílẹ̀.

Adéògún: Ilé bàbá ọmọ ni à ń kà.

Ìtòkú ni mo wà: Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀, Aké ló dàgbà sí. Rẹ́mọ ti jù ú nù tipẹ́.

Dúpẹ́_Èkìtì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ síta 😂 Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ka wo ni àbúrò yín wà?

Àbẹ̀kẹ́: Soil Science, ẹ̀gbọ́n.

Dúpẹ́_Èkìtì: Ẹ̀ka mi! Ẹ má fipá mú un wọ ẹgbẹ́ kankan. Tí wọ́n bá dé 400 level, COBFAS, ètò oko dídá ti yunifásítì náà, á kó wọn lọ sábúlé lọ dáko. Ẹni tẹ́ ẹ bá jọ ro ègé nínú oòrùn, ẹ ò ní ṣàjèjì síra yín mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn síbẹ̀. Ẹ ní kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ọmọ àbúrò mi wà ní 200 level níbẹ̀. Ṣé ó ń jẹ láfún?

Àbẹ̀kẹ́: Ó ń jẹ ẹ́ dáadáa, mà.

Dúpẹ́_Èkìtì: Ó tán. Wọ́n á jọ máa sè é.