Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tí kò lè jẹun: mo fi èyí pa ọ̀rọ̀ náà dé

Ohun tí mo béèrè ni bá a ṣe lè dúró ti ẹni tí àìsàn àìlèjẹun-bó-ṣe-yẹ ń bá jà, tí ọ̀fọ̀ tún ṣẹ̀, tó wá ń dá wà nínú yàrá l'Ábẹ́òkúta. Ìdáhùn tí mo rí kó jọ nìyí.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ 8, èrò á túká. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan máa wá. Ẹ bá a jẹun ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ̀yin náà bu tiyín. Ẹ má dárúkọ ara rẹ̀ rárá. "O ti rù" ń dùn ún, "o ti ń sanra" tún burú jù ú lọ. Tó bá jẹun tán, ẹ má tíì dìde: ẹ̀rù àti ìtìjú sábà máa ń dé lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ olóògbé, kó sunkún, àmọ́ kì í ṣe nídìí àwo.

Bí kò bá ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun fún ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé láfún kún àwo fún un lójijì. Fọ́sífétì àti pòtásíọ̀mù, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò, lè já wálẹ̀, kí ọkàn máa lù ségesège. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá dákú tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Aba, lójú ẹsẹ̀. Ti ọkàn àti ìrònú, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò wà nítòsí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.